Onígbáméjì Kì Í Dúró De Ọ̀la

Sunday, 9 June 2024. Awakọ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ lé lọ́jọ́ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ìrìn àrùn onígbáméjì la fi ṣẹ̀dá rẹ̀. VGC l'Ékòó ló ti ń ṣiṣẹ́, Ajah ló ń gbé.

Aago mẹ́rin ìdájí: Inú rẹ̀ ń kùn, ó sáré lọ sí ṣáláńgá. Ohun tó mu lánàá tàbí níjẹta lè ti gbé kòkòrò àrùn náà wọlé, torí láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún ló fi ń fara hàn. Oró tí kòkòrò náà ń tú sílẹ̀ ló ń mú kí ìfun máa da omi ara sóde.

Aago mẹ́fà: Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Èébì tẹ̀ lé e. Kò gbóná, inú kò fi bẹ́ẹ̀ ro ó, ló bá fọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mú gan-an lè pàdánù omi tó tó lítà kan ní wákàtí kan.

Aago méje: Ó ra Flagyl ní kẹ́místì, ó gbé e mì, ó bì í. Ohun tí ìbá ti mu, ORS (omi ṣúgà oníyọ̀), wà nílé: lítà kan omi tó ti hó tó sì tutù, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí kò kún àkúnyọ, iyọ̀ ìdajì ṣíbí.

Aago mẹ́sàn-án: Ó pe ọ̀gá rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní lè gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń yàgbẹ́ látìdájí.”
“Ṣé o ti mu ORS?”
“Rárá sà, oògùn ni mo lò.”
“Gbéra báyìí, ó di ọsibítù!”

Aago mẹ́wàá: Ojú rẹ̀ ti jìn, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á, kò sì tọ̀ látòru. Nọ́ọ̀sì ọsibítù wá ìṣọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kílò 60 ló wọ̀n: lítà mẹ́fà Ringer's lactate ni wọn yóò fà sí i lára, 1.8 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 4.2 tó kù láàárín wákàtí méjì ààbọ̀. Wọ́n lè fi doxycycline kún un, ṣùgbọ́n omi ló ń gba ẹ̀mí là.

Aago kan ọ̀sán: Lítà mẹ́fà pé. Ó tọ̀. Ó jókòó, ó ń mu ORS.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìlera Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kìlọ̀ fáráàlú nípa àrùn yìí. Nǹkan bí 60 èèyàn ti wọ ọsibítù láàárín wákàtí 48, ní Eti-Ọ̀sà, Lagos Island, Ìkòròdú àti Kòṣọ́fẹ́. Márùn-ún kú, pípẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù ló fa èyí tó pọ̀ jù.

Láìsí ìtọ́jú, àrùn yìí lè pa ju ìdajì àwọn tó bá mú gan-an lọ. Bí omi bá tètè dé ara wọn, kì í pa tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ORS sílé, ẹ̀yin ará wa. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa mu ún lọ títí dé ọsibítù.