Ta Ni Ọ̀gá Tó Kọ́ Ọ?

Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá ní òun mọ aṣọ rán, ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ni ọ̀gá tó kọ́ ọ?" Bí kò bá gba fìrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá kankan, a kò ní gbé aṣọ òkè fún un. Aṣọ lásán nìyẹn o! Ṣùgbọ́n níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wa ń sanwó fún ẹni tí yóò máa darí eré ìdárayá wa láì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí a bá ti rí i pé igẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, a ó gbé orúnkún, ẹ̀yìn àti ọkàn wa lé e lọ́wọ́.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní "personal trainer". Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "accountant", iṣẹ́ tèmi, ṣe rí. Àwọn oníṣirò owó fúnra wọn ló kó ara wọn jọ ní England àti Wales, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Ọbabìnrin Victoria ní 1880, kí àwọn ènìyàn lè mọ ẹni tó ti yege ìdánwò yàtọ̀ sí gbájúẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọwọ́ kan ara ènìyàn náà tọ ọ̀nà yìí. Ní 1892 ni wọ́n ṣí Dulwich Baths ní East Dulwich, ilé tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí Dulwich Leisure Centre. Lẹ́yìn ọdún méjì, ariwo ta ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ilé kan ń fi ìwọ́ra bojú ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin tí ń fi ìwọ́ra tọ́jú aláìsàn kò káwọ́ gbera. Ní 1894 kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìdánwò kalẹ̀. Ní 1920 ẹgbẹ́ náà gba ìwé àṣẹ Ọba. Àwọn ni à ń pè ní physiotherapist lónìí. Ẹni tó bá ń jẹ́ oyè yìí láì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí òfin là kalẹ̀ ti rú òfin.

Ní Peckham, dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, ṣí ilé ńlá Pioneer Health Centre sí St Mary's Road ní 1935. Ṣílè kan ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń san lọ́sẹ̀. Nínú jíìmù ibẹ̀, wọ́n fi àwọn ọmọdé sílẹ̀ kí wọ́n máa kọ́ lára ara wọn. Ẹnì kan lè ní, "Ẹ ò rí i pé kò sí olùkọ́, kò sì séwu?" Ṣùgbọ́n ó wà nínú àdéhùn ẹgbẹ́ pé kí àwọn dókítà máa yẹ ara gbogbo ìdílé wò. Ìmọ̀ wà lẹ́yìn òmìnira náà. Ilé náà kógbá sílé ní 1950.

Ní ti jíìmù, ọdún 2002 ni wọ́n tó ṣí Register of Exercise Professionals. Ìpele kejì wà fún ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà nínú jíìmù, ìpele kẹta fún ẹni tó ń kọ́ni lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2020 wọ́n pa á dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí à ń pè ní CIMSPA. Síbẹ̀, òfin kò sọ ọ́ di dandan kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ọwọ́ wa ni ìbéèrè wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín wa. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ yóò bi yín léèrè nípa rẹ̀, àti oògùn tí ẹ ń lò, kí ẹ tó gbé irin. Ẹ bi òun náà: ìpele wo ló dé? Orúkọ rẹ̀ ń bẹ nínú ìwé bí? Ó ní ìwé adójútòfò?

Bí ọmọ yín bá sì ní iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má sọ pé ó sá fún ìwé. Wọ́n fojú tín-ínrín iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin yẹn náà rí. Ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́ ọ dé òpin, kí ó lè ní èsì rere fún ẹni tó bá bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.