Ilẹ̀ Ilé ni Yọ̀rọ̀ Ń Gbé: Ìtàn Ìtọ́jú Ajá àti Ológbò Láàrin Àwọn Yorùbá

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ Yorùbá òde òní orúkọ kòkòrò tí ó ń jẹ ajá lára, eégbọn ni wọn yóò dárúkọ. Eégbọn ni ojú mọ̀ jù, òun náà ni ó sì wọ inú òwe, bí òwe eégbọn tí ó so mọ́ ayìnrín nímú. Yọ̀rọ̀, kòkòrò pẹlẹbẹ tí kò ní ìyẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń fò, kò wọ́pọ̀ lẹ́nu mọ́. Inú ìwé atúmọ̀-èdè ni a ti ń bá a jù. Àdàpọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí ó fẹ́ kọ ìtàn ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Eégbọn a máa lẹ̀ mọ́ ara ẹran fún ọjọ́ púpọ̀, a sì lè fi ọwọ́ já a. Yọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan pe méjèèjì yóò wá oògùn méjèèjì lọ sí ojú kan náà, ìyẹn ara ẹran, ibẹ̀ gan-an sì ni èyí tí ó pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ nípa oògùn ìbílẹ̀ ti ṣìnà.

Yọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lára ajá àti ológbò káàkiri àgbáyé ni Ctenocephalides felis. Ara ẹran ni abo rẹ̀ ti ń mu ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń yé ẹyin tí ó lè tó 40 sí 50 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin náà kì í lẹ̀ mọ́ irun. Ṣe ni ó ń jábọ́ síbi tí ẹran bá sùn sí. Nínú eruku, nínú ojú sísán ilẹ̀, lábẹ́ ẹní, ni ó ti ń di ìdin, tí ìdin náà ń jẹ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí àwọn yọ̀rọ̀ àgbà yà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdin a hun àpò kékeré bo ara rẹ̀, ó sì lè wà nínú àpò yìí fún oṣù bíi mélòó kan, títí ìgbà tí ó bá gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ tàbí tí ooru ara ẹran bá kàn án. Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn ẹran sábà ń lò ni pé bí yọ̀rọ̀ inú ilé kan bá jẹ́ 100, bíi 5 péré ni ó wà lára ẹran. Ilẹ̀ ni 95 yòókù wà, gẹ́gẹ́ bí ẹyin, ìdin tàbí èyí tí ó wà nínú àpò.

Tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìtọ́jú yọ̀rọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ kò sí lọ́wọ́ oníṣègùn. Ọwọ́ àwọn obìnrin ilé ni ó wà. Amọ̀ ni ilẹ̀ ilé nígbà náà, amọ̀ a sì máa sán. Àwọn obìnrin a po ẹlẹ́bọ́tọ mọ́ omi, wọn a kúnlẹ̀, wọn a fi ọwọ́ fà á láti ìgun kan dé ìgun kejì, títí ojú ilẹ̀ yóò fi dán tí gbogbo ojú sísán yóò sì dí. Bí ó bá tún hó, wọn a tún un pa. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbálẹ̀, wọn a sì gbá ìdọ̀tí lọ sí ààtàn, tí ó jìnnà sí ibi tí ajá ń sùn. Eérú inú ààrò, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ni a ń wọ́n sí ibùsùn ẹran àti sínú ilé adìẹ. Eérú a máa fa omi ara kòkòrò gbẹ. Kò sí ìdí láti sọ pé nítorí yọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ilẹ̀. Ẹwà àti ìmọ́tótó ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, ojú sísán tí a dí ni ilé ìdin tí a bàjẹ́, ìgbálẹ̀ ojoojúmọ́ sì ni ẹyin tí a kó dànù kí ó tó pa.

Iṣẹ́ yìí kò wọ inú àkọsílẹ̀ oògùn, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Àwọn tí ó kọ nípa ewé àti egbò lọ bá babaláwo, oníṣègùn àti ọdẹ. Ìwé Ewé tí Pierre Verger gbé jáde ní 1995 jẹ́ ìṣúra ńlá, ẹnu àwọn babaláwo ni ó sì ti kó ohun inú rẹ̀ jọ. A kì í pe ọfọ̀ sí ilẹ̀ pípa. Kò ní ewé tí a lè fún ní orúkọ Látìn. Iṣẹ́ ilé ni, a kì í sì í bi ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé léèrè ìmọ̀.

Ìjọba amúnisìn náà mọ̀ pé ilé ni yọ̀rọ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà mọ̀ ọ́n. Ní 1898, ní Karachi, Paul-Louis Simond fi hàn pé yọ̀rọ̀ ara eku ni ó ń gbé bubonic plague láti ara eku dé ara ènìyàn. Nígbà tí àrùn náà wọ Èkó ní 1924, ojú òpó Simond ni àwọn aláṣẹ ìlera tọ̀: wọ́n ń pa eku, wọ́n sì ń bá ilé tí èrò kún jù wí. Inú ìpọ́njú yẹn ni a ti dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, láti wó àdúgbò tí wọ́n kà sí ibùba àrùn kí wọ́n sì tún un kọ́. Òtítọ́ ni pé yọ̀rọ̀ ti eku yàtọ̀ sí ti ajá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ilẹ̀ amọ̀ ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ìjọba, tí ọwọ́ tí ó ń pa á kò sì jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Ọdún 1928 yìí kan náà ni wọ́n gbin irúgbìn dóńgóyárò sí Maiduguri. Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n ti kó o wá. Igi ilẹ̀ Íńdíà ni, Haúsá ni ó sì fún un ní orúkọ tí Yorùbá ń pè é. Igi tí kò tíì pé 100 ọdún ní Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní oògùn àwọn baba ńlá wa nígbà tí wọ́n bá ń se ewé rẹ̀ láti fi wẹ ajá. Èyí kò sọ pé kò wúlò. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ azadirachtin jáde láti inú irúgbìn rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò lè bọ́ awọ dàgbà. Ìdin ni ó ń bá jà jù, ó sì pọ̀ nínú irúgbìn ju inú ewé lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó fi omi ewé wẹ ajá tí kò kan ibùsùn rẹ̀ ti lo oògùn náà níbi tí ìdin kò sí.

Ìtàn tábà burú ju èyí lọ. A ti ń fi omi ewé tábà wẹ ẹran tí kòkòrò ń jẹ, nicotine inú rẹ̀ sì ń pa kòkòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti wá, òwò ẹrú sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ọjà ńlá létí òkun wa. Tábà Bahia, èyí tí kò dára tó láti tà ní Portugal, tí wọ́n fi omi ìrèké dídì pa lára tí wọ́n sì lọ́ bí okùn, ni àwọn oníṣòwò fi ń ra ènìyàn ní Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Nicotine kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin yọ̀rọ̀ àti ajá: ajá tí ó bá lá omi yẹn kúrò lára lè kú. Ewu ti ológbò tún pọ̀ jù, nítorí ahọ́n ni ó fi ń wẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè tú ọ̀pọ̀ májèlé ká bí ti ajá. Permethrin tí a ń fi sí ajá lára láìsí wàhálà a máa pa ológbò. Àlùbọ́sà àti áyù, tí àwọn kan ń fi sínú oúnjẹ ẹran kí yọ̀rọ̀ lè sá, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, ilẹ̀ pípa kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò kábàámọ̀ ìkúnlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹní, tìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì gba ipò ojú sísán, oògùn inú ìgò sì gba ipò ìgbálẹ̀. Lindane, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìwọ̀-Oòrùn mọ̀ sí Gammalin 20, ni wọ́n fi ń wẹ ẹran ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kí Àdéhùn Stockholm tó fi í sínú àkójọ májèlé ní 2009. Dichlorvos ni wọ́n fi ṣe ọ̀já ọrùn ajá ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Òun náà ni ó wà nínú òtápíápíá tí a ń tà lójú títì, tí àwọn kan ń dà sí ajá lára nítorí pé owó rẹ̀ kò tó owó oníṣègùn ẹran. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de títa á nínú ìgò 100ml, nítorí àwọn ènìyàn tí ó ń gbé e mu. Ti ajá kò sí nínú àríyànjiyàn náà.

Ohun tí kò wọ́n tí kò sì léwu ṣì wà: ọṣẹ tí kò le àti omi, òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, aṣọ ibùsùn ẹran tí a fi omi gbígbóná fọ̀, àti ìgbálẹ̀ tí a kò dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí èyí tí ó wà nínú àpò. Ó jọ iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé alámọ̀ gan-an. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn pa ilẹ̀ ṣì wà ní àwọn ìletò, wọ́n sì ti darúgbó. Bí wọ́n ṣe ń po ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbà tí wọ́n ń tún un pa, àti ohun tí wọ́n rí pé ó ń kú tàbí tí ó ń sá nígbà tí wọ́n bá pa á, ẹnu wọn nìkan ni ó wà.