Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò lára aláìsàn kó tó pe dókítà

Ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, UITH, tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bbà àtijọ́, àti ní àwọn ọsibítù ìjọba yòókù nílùú Ìlọrin, dókítà a máa yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀, á kọ oògùn, á sì kọjá síbi iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn láago méjì òru ni nọ́ọ̀sì. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé ara aláìsàn ti ń yí padà, òun náà ló sì máa pinnu bóyá kí òun ṣì dúró díẹ̀ ni tàbí kí òun lọ jí dókítà. Bó bá pẹ́ jù, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Iṣẹ́ tó ń jẹ́ kó lè ṣe ìpinnu yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń fojú tín-ínrín: wíwẹ̀ fún aláìsàn, yíyí i padà, fífọ ẹnu rẹ̀, gbígbé póò fún un. Virginia Henderson, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà, ka ohun tí èèyàn nílò sí 14, láti orí mímí, jíjẹ àti ìgbọ̀nsẹ̀ títí dé orí oorun, ìmọ́tótó àti ìjọsìn. Ìjọsìn kì í ṣe àsọdùn níbẹ̀. Nílùú bí Ìlọrin, aláìsàn tí kò lè dìde ṣe àlùwàlá lè fẹ́ fi ipá sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sì ṣubú. Nọ́ọ̀sì tó mọ èyí á ti bá ẹbí rẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n bá a wá òkúta tàbí iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ tí yóò fi ṣe é níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Bí nọ́ọ̀sì bá ń wẹ̀ fún aláìsàn, àyẹ̀wò ló ń ṣe. Ó ń wo ẹsẹ̀ kan tó wú ju èkejì lọ, ó ń gbọ́ òórùn ojú egbò, ó ń wo ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀, níbi tí egbò ìdùbúlẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé máa ń sọ pé awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n. Lára èèyàn dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi kàn án: bí ibẹ̀ bá gbóná ju àyíká rẹ̀, tó le, tàbí tó dúdú sí i, egbò ti ń bọ̀. Yíyí aláìsàn padà, tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní wákàtí méjì-méjì, ló ń dènà rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń fi sípíríìtì ra ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀, torí ó ń ba awọ jẹ́ sí i ni. Rọ́bà roboto tí àwọn ẹbí ń rà wá kí aláìsàn lè jókòó lé e náà kò ṣe é lóore, ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà: ìmí, ìlù ọkàn, ìfúnpá, ìgbóná ara, àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ìmí ni wọ́n ń fi ṣeré jù, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń mí nígbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Aago ọwọ́ lásán ni wọ́n nílò láti kà á, kí wọ́n sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, láìsọ fún aláìsàn, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka ìmí òun á yí i padà.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Physicians, gbé ọ̀nà kan jáde lọ́dún 2012, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2017. NEWS ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, obìnrin kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lánàá: ìmí rẹ̀ jẹ́ 22, máàkì 2, ìlù ọkàn 112, máàkì 2, ìfúnpá tòkè 100, máàkì 2, ìgbóná ara 38.4, máàkì 1. Ọ́síjìn rẹ̀ dára, ó sì ń dáhùn dáadáa bí wọ́n bá pè é. Bí wọ́n bá wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ń dẹ́rù bani. Ẹlòmíràn á ní ibà lásán ni, kí wọ́n fún un ní parasítámọ́ọ̀lù. Àmọ́ àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7, lójú NEWS, ọ̀ràn pàjáwìrì nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú lọ́hùn-ún.

Nọ́ńbà pàápàá lè tanni jẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka máa ń sọ pé ọ́síjìn tó lára èèyàn dúdú nígbà tí kò tó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Làálì dúdú àti ọ̀dà èékánná náà lè da ẹ̀rọ yìí láàmú. Bí ẹ̀rọ bá ní ó dára, tí aláìsàn sì ń mí gúlegúle, aláìsàn ni kí nọ́ọ̀sì gbà gbọ́.

Pípe dókítà ní ọgbọ́n tirẹ̀. “Sà, ara ìyá yẹn ò yá o” kò lè gbé ẹnikẹ́ni dìde lórí ibùsùn. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní SBAR, tí wọ́n mú láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní kí nọ́ọ̀sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn aláìsàn ní ṣókí, ohun tí òun rò pé ó jẹ́, àti ohun tí òun fẹ́ kí dókítà ṣe. Ìkẹrin yìí ló ṣòro fún nọ́ọ̀sì kékeré, pàápàá níbi tí àgbà kì í ti í gbọ́ “ẹ wá báyìí” lẹ́nu ọmọdé. Kó tó dé, nọ́ọ̀sì á ti gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè bí mímí bá le, á ti wo ojú iṣẹ́ abẹ, á sì ti wo ìtọ̀.

Lórí ìtọ̀ ni àwọn ẹbí ti máa ń ṣèèṣì. Wọ́n á da ti inú báàgì nù láti ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, wọn ò sì ní sọ. Aláìsàn tó wọn 60 kílò yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kídìnrín lè ti wà nínú ewu. Òmíràn ni omi ẹ̀kọ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ní kó má jẹun kó tó wọ tíátà. Bó bá bì lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn kùn ún lóorun, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àgbo náà, kí wọ́n sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì lè bínú, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n máa wá ohun tó fà á kiri.

Kofoworola Abeni Pratt, tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù UCH Ìbàdàn, wà lára àwọn tó jà kí nọ́ọ̀sì lè kàwé gboyè ní yunifásítì nílẹ̀ yìí. Ìṣòro òde òní ni pé àwọn tó gboyè náà ń lọ sókè òkun, àwọn tó kù sì ń ké. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, ìpinnu àkọ́kọ́ lóru ni ti bẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé ṣáájú, àti ẹni tó wà lórí ọ́síjìn. Ẹni tó ń pariwo lè dúró díẹ̀, ó ṣáà ń mí. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tó wá dákẹ́ lójijì, tí wọ́n pè tí kò dáhùn, kì í ṣe oorun ló ń sùn. Ẹbí tó bá jókòó tì í, kó sáré lọ pe nọ́ọ̀sì.