Ìbọn Snider: ọta tí kò bá ihò mu



Bí a bá ń sọ ìtàn ogun Kírìjì àti ti Ìmàgbọ̀n, orúkọ jagunjagun la máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká wo ọta ìbọn lónìí.

Ìbọn ṣakabùlà kì í ṣa oúnjẹ jẹ. Ẹ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ ki àjákù irin tẹ̀ lé e, ó parí. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè bọ́ ọ. Snider ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé: wọ́n gé ìdí ìbọn Enfield àtijọ́, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i kí ọta lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ rí i gbà láti Èkó, ojú Ìbàdàn rí màbo.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná ti wà pọ̀ nínú èèpo idẹ kan. Èèpo yìí ní etí nídìí, etí náà ló ń gbé e dúró lẹ́nu ihò. Àyè tó wà láàárín ibi tí etí náà jókòó sí àti ìlẹ̀kùn tó sé e mọ́, òun ni Òyìnbó ń pè ní headspace. Bó bá kéré jù, ìlẹ̀kùn ò ní pa dé. Bó bá pọ̀ jù, èèpo á sún sẹ́yìn nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, á ya, èéfín gbígbóná á tú sójú ẹni tó yìn ín. Bí ihò bá sì fẹ̀ jù ńkọ́? Èèpo á wú, á là, agbára tó yẹ kó lé ọta lọ á jò dànù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá rí ìjàngbọ̀n ọta ní Abu Klea, ní Sudan, ní January 1885: èèpo idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há sínú ìbọn Martini-Henry wọn lójú ogun.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Alágbẹ̀dẹ wa ò ní ẹ̀rọ tó lè ṣe èèpo Snider kó ṣe rẹ́gí. Òkè òkun ló ti ń wá, Èkó ló ń gbà. Ìbàdàn ò ní etíkun, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì wà lára ọ̀nà tí ohun ìjà fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Òrù tó múlé gbe wa yìí ni ibùdó ogun Ìjẹ̀bú wà nígbà Kírìjì. (Ẹ̀yin ará Òrù, ẹ má bínú, a ò gba ìtàn yín!)

Ní May 1892, Ìjẹ̀bú náà ní Snider lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun Colonel Scott ò ju bí 450 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní Maxim, Èkó tí ọta ń gbà wọlé sì wà lọ́wọ́ ìjọba tó rán wọn. Ní 20 May, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan máa ń sọ pé oògùn ló tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Bí irú ìbọn yìí bá wà ní àjà ilé bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò; ìpẹtà ti jẹ ihò rẹ̀, kò sí ọta tó lè bá a mu mọ́. Ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí àmì adé, lẹ́tà V.R. àti ọdún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́.