Àwọn ilé ìwé tó wó ní Long Beach

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ bí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ṣe máa ń ṣí páànù ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé á ké sí àwọn òbí, wọn á dá owó jọ, wọn á wá káfíńtà. Bí páànù bá ti padà sórí ilé, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú kan tí ọ̀rọ̀ kò tán bẹ́ẹ̀.

Long Beach ni ìlú náà, létí òkun, ní Kalifọ́níà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù kẹta 1933, nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ilẹ̀ mì. Nǹkan bí 120 ènìyàn kú. 70 ilé ìwé ló wó ní agbègbè náà, 120 mìíràn sì bàjẹ́ gidigidi. Ẹ padà ka aago yẹn: àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ká ní òwúrọ̀ ni, ta ni ì bá lè ka òkú ọmọ?

Wọn kò dúró de ilé tuntun. Wọ́n pa àgọ́, olùkọ́ sì ń kọ́ni lábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí àwọn tó mọṣẹ́ wo àwókù, wọ́n rí i pé ilẹ̀ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Bíríkì lásán ni ọ̀pọ̀ ògiri, kò sí irin nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò sì lágbára. Wọn ì bá fi bíríkì kan náà mọ ògiri kan náà padà. Ì bá yá, kì bá sì gbówó púpọ̀ lórí.

Aṣòfin kan tó ń jẹ́ Field ló gbé òfin kalẹ̀. Ní 10 oṣù kẹrin 1933, oṣù kan géérégé, wọ́n fọwọ́ sí i. Ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ àwòrán ilé wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yálà ilé tuntun ni tàbí àtúnṣe ńlá. Alábòójútó gbọ́dọ̀ máa wo iṣẹ́. Àwọn tó ṣe é gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí àwòrán ti wí ni àwọn ṣe é.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni tún ilé àtijọ́ ṣe. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ kan ṣì ń kàwé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní 17 oṣù kìn-ín-ní 1994, ilẹ̀ tún mì ní Northridge, ní Kalifọ́níà kan náà. Ìdájí ni, àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Kò sí ilé ìwé kan tí wọ́n kọ́ lábẹ́ òfin Field tó wó lulẹ̀.