Sítẹ́ǹtì Híhun

Sítẹ́ǹtì híhun ni ọ̀pá oníhò kékeré tí a fi wáyà irin hun, tí àwọn dókítà ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti há kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè là. Èyí tó lókìkí jù ni Wallstent, iṣẹ́ ọwọ́ Hans Wallsten, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Sweden. Òun ni sítẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tó wọ iṣan ọkàn ènìyàn, nígbà tí dókítà Jacques Puel lò ó ní Toulouse, nílẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹta ọdún 1986.

A kì í jó àwọn wáyà náà pọ̀ níbi tí wọ́n ti gba orí ara wọn kọjá. Ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn, ìdí nìyí tí sítẹ́ǹtì náà fi ń tẹ̀ tẹ̀lé ibi tí iṣan bá tẹ̀ sí láìdí ihò inú rẹ̀. Bí a bá fà á, á gùn, á sì tín-ín-rín. Bí a bá tú u sílẹ̀, á fẹ̀, á sì kúrú. Kíkúrú yìí ni ìṣòro rẹ̀ gan-an, torí ó ń mú kó nira láti mọ ibi tí etí rẹ̀ yóò dúró sí. Iye wáyà, bí wọ́n ṣe nípọn tó, àti igun tí wọ́n fi pàdé ló ń pinnu agbára tó fi ń ti ògiri iṣan. Pipeline, sítẹ́ǹtì híhun mìíràn tí a fi wáyà 48 hun pinpin, ń darí ẹ̀jẹ̀ kúrò níbi tí iṣan ọpọlọ ti wú. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011.