Iṣẹ́ Abẹ Oníhò Kékeré fún Kókó Inú Etí

Kókó inú etí ni kókó tó ń hù nínú eegun agbárí, níbi tí ojú kò lè tó, lójú ọ̀nà tí iṣan ìgbọ́ràn ń gbà ti etí lọ sínú ọpọlọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn dókítà ń pè ní vestibular schwannoma. Acoustic neuroma ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í fọ́n ká ara, díẹ̀díẹ̀ ló sì máa ń dàgbà. Ti ẹlòmíràn tiẹ̀ lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tó wà ló sọ ọ́ di ewu. Ihò eegun kan wà níbẹ̀ tí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Inú rẹ̀ ni iṣan ìgbọ́ràn, iṣan tí kì í jẹ́ kí ara ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ àti iṣan tó ń gbé ojú àti ẹnu jọ ń gbà kọjá. Kókó tó bá ń fẹ̀ nínú ihò yìí kò ní ṣàì fún wọn, bó bá sì yọ síta, ọpọlọ ni yóò máa tì.

Lágbàáyé, bí ènìyàn kan nínú 100,000 ni wọ́n ń bá a lára rẹ̀ lọ́dún. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé kò pọ̀ lára àwọn ènìyàn dúdú tó ti àwọn aláwọ̀ funfun. Etí kan ṣoṣo ló sábà máa ń mú. Bó bá mú etí méjèèjì, àìsàn àbínibí tí wọ́n ń pè ní NF2 ló sábà ń fà á, ìyẹn a sì máa tètè yọjú lára ọ̀dọ́.

Àmì rẹ̀ kì í pariwo. Oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tó ti ń gbé fóònù sí etí ọ̀tún láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣàkíyèsí pé òun ń gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́. Yóò gbé fóònù sí etí òsì, gbogbo rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ kedere, ó parí, ọjà ń lọ. Ẹlòmíràn a máa gbọ́ fèrè takisí Máíkírà ní Challenge, kò sì ní mọ ẹ̀gbẹ́ tó ti ń bọ̀. Etí a máa hó, òòyì díẹ̀ a máa kọ́ni. Nítorí pé etí kejì ń ṣiṣẹ́, ará ilé kì í fura. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fura, òróró gbígbóná tàbí omi àlùbọ́sà ni wọ́n máa ń kán sí etí náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí a kán sí etí tó lè dé ibi tí kókó yìí wà. Nígbà tí ojú bá ń kú tipiri, tí orí ń fọ́, tí ẹsẹ̀ kò dúró lórí ilẹ̀ mọ́, kókó ti dàgbà.

Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó: etí kan lọ sílẹ̀, èkejì kò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ya àwòrán MRI, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí kókó lè tàn nínú àwòrán. Kókó kékeré lè sá mọ́ àwòrán CT lójú. Kì í rọrùn fún un láti sá mọ́ MRI.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láti yọ kókó yìí ni kì í là á já. Harvey Cushing ní Amẹ́ríkà, tó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí kókó náà ní 1917, ló kọ́ ayé láti máa gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi èèpo sílẹ̀ dípò kí wọ́n fi agbára fà á tu. Ikú sì dínkù. Lẹ́yìn 1960 ni William House ní Los Angeles, tó ti jẹ́ dókítà eyín kó tó di dókítà etí, mú máíkíròsíkóòpù àti ẹ̀rọ ìgbẹ́-eegun wọ inú eegun etí. Ọ̀nà méjì ló là. Ọ̀kan gba inú eegun ẹ̀yìn etí, ó sì ń pa ìgbọ́ràn etí náà run. Èkejì gba òkè etí, ó sì lè dá ìgbọ́ràn sí bí kókó bá kéré.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ń lò jù, ti ẹ̀yìn etí, lẹ́bàá ọrùn. Wọ́n ti dín ihò rẹ̀ kù báyìí sí bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Wọ́n a máa ki ẹ́ńdósíkóòpù bọ ibẹ̀, ọ̀pá oníná tó ní kámẹ́rà, tí kò nípọn ju mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, kí wọ́n lè wo kọ̀rọ̀ tí máíkíròsíkóòpù kò rí. Wọ́n á ti fi wáyà tín-ínrín sí ẹran ojú aláìsàn ṣáájú. Bí irinṣẹ́ bá kan iṣan ojú, ẹ̀rọ á dún, ọwọ́ dókítà á sì dúró.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti àwọn ará Modena ní Ítálì, Livio Presutti àti Daniele Marchioni, lẹ́yìn ọdún 2010: wọ́n gba ojú ihò etí gan-an wọlé. Wọ́n ń ṣí awọ ìlù etí, wọ́n ń yọ àwọn eegun kéékèèké, wọ́n á sì la apá tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín kọjá dé ibi tí kókó wà. Wọn kì í ṣí agbárí, wọn kì í fọwọ́ ti ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn etí náà lọ nìyẹn, nítorí náà ẹni tí etí rẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀, tí kókó rẹ̀ sì kéré, ló wà fún. Kíkéré ihò kò sọ pé iṣẹ́ náà kéré.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní abẹ rárá: Gamma Knife, tí Lars Leksell ní Stockholm bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún kókó yìí ní 1969. Ìtànṣán ni wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ kókó náà. Kì í yọ ọ́, ó kàn ń dá a dúró ni. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì àti Mòrókò ní in. Ẹni tí kókó rẹ̀ kéré tí kò sì dàgbà, dókítà lè ní kó máa ya MRI lóòrèkóòrè láìfọwọ́ kàn án.

Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń já sí. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní Oṣù Kọkànlá 1957. Ní 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ní Michigan, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Adelola Adeloye dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, ó sì gbé ẹ̀ka náà dúró lẹ́yìn tí Odeku kú ní 1974. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà nínú ọgbà kan náà, ohun tí iṣẹ́ yìí sì fẹ́ gan-an nìyẹn, kí dókítà etí àti dókítà ọpọlọ jọ dúró sí ìdí tábìlì kan.

Ìmọ̀ kò wọ́n ní Ìbàdàn. Àkókò ló wọ́n. Àpò ara ẹni ni owó MRI sábà máa ń ti jáde, ẹni tí etí kan ṣoṣo ń dà láàmú kì í sì fẹ́ ná an. Títí yóò fi gbà láti ná an, kókó ti tóbi kọjá ohun tí ihò kékeré lè yọ.

Ẹni tí etí kan bá ń kú lára rẹ̀ tí èkejì sì yá, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ń hó láìdáwọ́ dúró, kó má ṣe fi òwú ha á mọ́. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn lọ́sẹ̀ yìí, kó sì bi dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kí òun ya MRI.